Kọ̀ǹpútà Àtòpọ̀: Bí Ẹ̀rọ Ṣe Kúrò Láàfin Dé Orí Tábìlì Wa



Ìlú Ẹdẹ ti di ìlú akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún 1992 ni ìjọba àpapọ̀ dá Pólì sílẹ̀ níbí. Yunifásítì Adélékè dé ní 2011, Yunifásítì Redeemer's sì kó wá sí Ẹdẹ ní 2012. Nínú gbogbo àwa tí a ń gbé inú ọgbà wọ̀nyí àti àwọn tó yá yàrá sí àárín ìlú, ó ṣòro kí ẹ rí ẹni tí kò nílò kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn kan kì í fi í tán láàárín wa: bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́, ṣé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni ká rà, àbí ká máa ra ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká sì tò ó fúnra wa nínú yàrá?

Àwọn kan á ní títò kì í ṣe iṣẹ́ kan gidi. Wọ́n á ní Táíwànì àti Ṣáínà ló ṣe é, pé skúrù lásán ni àwa ń dè. Àwọn mìíràn á dáhùn pé ẹni tó bá tò ó ló ni ín. Àwa tí a kọ èyí kò fẹ́ dá ẹjọ́ náà ká tó gbọ́ ìtàn. Ó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: kí ló tilẹ̀ fàyè sílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó fi sukudíráfà kan ṣoṣo to ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìkan ló ni ín nígbà kan rí?

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ń gbé ààfin

Ètò ìkànìyàn ti 1962 sí 1963 ló mú kọ̀ǹpútà wọ Nàìjíríà. Iye ènìyàn pọ̀ ju ohun tí a lè fi ọwọ́ ṣírò lọ, ìjọba sì nílò ẹ̀rọ tó lè yára kà á. Ní àwọn ọdún 1960 náà ni IBM dá ibi ìkọ́ni sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Fún ìgbà pípẹ́, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè mẹ́ta ló di ọjà náà mú nílẹ̀ wa: IBM, ICL àti NCR. Àwọn tó ń lò ó kò ju ilé-iṣẹ́ ìjọba, báńkì, ilé-iṣẹ́ epo àti yunifásítì lọ.

Ẹ fojú inú wo irú ẹ̀rọ yẹn. Yàrá kan odindi ló ń gbà. Ẹ̀rọ amúlétutù gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ fún un á lu ihò sára káàdì páálí, á kó káàdì náà fún àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, á sì padà wá gba èsì. Kò sí pé ẹ fẹ́ ṣí i wò. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kò tilẹ̀ ra ẹ̀rọ náà, ńṣe ni wọ́n háyà rẹ̀ lọ́wọ́ IBM, àwọn ẹnjiníà IBM ló sì ń tún un ṣe. Bí ọba ayé àtijọ́ ló rí: a ń gbọ́ àṣẹ rẹ̀, a ń rí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣíjú wo abẹ́ adé.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó mọ iṣẹ́ náà ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ní 1978, wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ lónìí sí Nigeria Computer Society. Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ìyẹn, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó máa yí gbogbo ọ̀rọ̀ náà padà.

Àpótí láti Albuquerque

Ní oṣù kìíní ọdún 1975, ìwé ìròyìn Popular Electronics gbé àwòrán ẹ̀rọ kan sí ojú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Altair 8800 ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ MITS, ní ìlú Albuquerque, ló ṣe é, Ed Roberts sì ni ọ̀gá wọn. Ẹni tó bá fi owó tí kò tó 500 dọ́là ránṣẹ́ á gba àpótí kan nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Inú àpótí náà ni àwọn ẹ̀yà wà ní tútú: pátákó, wáyà, suwíìṣì, iná pẹ́pẹ̀pẹ́, àti prósẹ́sọ̀ Intel 8080. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò fi òjé jó wọn pọ̀ sórí tábìlì ilé rẹ̀.

Nígbà tó bá sì jó o tán, kí ló lè ṣe? Kò ní ojú tí a ń wò, kò ní kíbọ́ọ̀dù. Suwíìṣì iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ sókè-sódò láti bá a sọ̀rọ̀, iná pẹ́pẹ̀pẹ́ ló sì fi ń dáhùn. Ìrántí rẹ̀ jẹ́ báìtì 256, èyí tí kò lè gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìpínrọ̀ àròkọ yìí. Síbẹ̀, MITS tó ń retí oníbàárà ọgọ́rùn-ún mélòó kan rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn ènìyàn kò rà á nítorí iṣẹ́ tó lè ṣe. Wọ́n rà á nítorí pé ẹni tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ náà lè wá sọ pé, "Kọ̀ǹpútà tèmi nìyí."

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ pàdé nínú ilé ọkọ̀ Gordon French ní Menlo Park, California. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni Homebrew Computer Club. Steve Wozniak wà lára wọn, ibẹ̀ ló sì ti máa ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1976, iṣẹ́ náà di Apple I. Pátákó tí wọ́n ti jó tán ni wọ́n tà, láìsí àpótí, láìsí kíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá rà á ló máa wá ìyókù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Clive Sinclair gbé ZX80 jáde ní 1980: ẹni tó bá fẹ́ tò ó fúnra rẹ̀ á san pọ́n-ùn 79.95, ẹni tó bá fẹ́ èyí tí wọ́n ti tò á san pọ́n-ùn 99.95. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni títò fúnra ẹni ti ń dín owó kù.

Ilẹ̀kùn tí IBM ṣí sílẹ̀

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń to Altair gbọ́dọ̀ mọ òjé í jó dáadáa. Kọ̀ǹpútà àtòpọ̀ irú ti wa, èyí tí a ń fi skúrù àti ihò ìkìbọ̀ tò, ibòmíràn ló ti wá.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1981, IBM gbé kọ̀ǹpútà ti ara ẹni jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Boca Raton, Florida, lábẹ́ Don Estridge, ń sá eré. Wọ́n fẹ́ kó yá, nítorí náà wọn kò ṣe ohun gbogbo fúnra wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe IBM. Ọjà ni wọ́n ti ra ọ̀pọ̀ ẹ̀yà: prósẹ́sọ̀ 8088 láti ọwọ́ Intel, ètò ìṣiṣẹ́ láti ọwọ́ Microsoft. Wọ́n fi ihò ìkìbọ̀ sí ara pátákó kí ilé-iṣẹ́ mìíràn lè ṣe káàdì tí yóò wọ inú rẹ̀. Wọ́n sì tún tẹ ìwé kan jáde tó fi àwòrán iná ẹ̀rọ náà hàn láti òkè délẹ̀, pẹ̀lú ètò BIOS rẹ̀, ìyẹn ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ lójú oorun.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó jẹ́ ti IBM: BIOS yẹn. Ẹnikẹ́ni lè kà á, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni dà á kọ. Ilé-iṣẹ́ Compaq ní Houston, tí àwọn mẹ́ta tó kúrò ní Texas Instruments dá sílẹ̀ ní 1982, wá ọgbọ́n sí i. Wọ́n pín àwọn òṣìṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Àwọn ti àkọ́kọ́ ka BIOS IBM, wọ́n kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀, láì kọ bó ṣe ń ṣe é. Àwọn ti ìkejì, tí wọn kò fojú kan ti IBM rí, gba àkọsílẹ̀ yẹn, wọ́n sì kọ BIOS tuntun tó ń ṣe nǹkan kan náà. Kò sí ẹ̀sùn olè tí a lè fi kàn wọ́n. Ní 1984, ilé-iṣẹ́ Phoenix ń ta irú BIOS bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe já nìyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ Táíwànì bíi Gigabyte àti MSI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986, àti Asus ní 1989, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù fún gbogbo ayé.

Ní 1995, Intel gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tó ń jẹ́ ATX. Òṣùwọ̀n yìí ló sọ ibi tí ihò skúrù mọ́dábọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ wà, bí páwà pákì ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, àti irú iná tí yóò máa gbé jáde: fóòtì 12, fóòtì 5, àti fóòtì 3.3. Ìdí nìyẹn tí késìn àtijọ́ tí ẹnìkan ti pa tì ṣì fi lè gba mọ́dábọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí. Ẹni tó ṣe késìn kò mọ ẹni tó ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù. Ẹni tó ṣe ráàmù kò bá ẹni tó ṣe prósẹ́sọ̀ jẹun rí. Òṣùwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀lé, àgbájọ ọwọ́ la sì fi ń sọ̀yà.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo èyí ni pé kì í ṣe pé àwọn ènìyàn ṣàdédé gbọ́n sí i. Àdéhùn kan ló wà ní gbangba tí ẹnikẹ́ni lè kà, tí kò sì pọn dandan kó tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó lò ó.

Láti Ifẹ̀ dé Ọ̀tìgbà

Àdéhùn gbangba yìí ló fún àwa náà láàyè. Ní 1986, ìjọba Babaǹgídá gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ayé mọ̀ sí SAP kalẹ̀, iye náírà sì já wálẹ̀ gidigidi. Kọ̀ǹpútà IBM tàbí Compaq tí wọ́n kó wọlé ní odindi di ohun tí ojú ń rí tí ọwọ́ kò tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó ẹ̀yà wọlé, tó sì tò ó níbí, lè tà á ní owó tó dín.

Florence Seriki, tó kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà kẹ́míkà ní Ifẹ̀, dá Omatek sílẹ̀ ní 1988. Títa ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé ibi ìtòpọ̀ kalẹ̀ ní Orégùn ní Ìkẹjà, kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Omatek sì jáde láti ibẹ̀. Ó kú ní 2017. Ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀ tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀gbọ́n yín nìyẹn o. Ní 2001, Leo Stan Ekeh gbé Zinox jáde, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sì ní àmì náírà lórí. Ó lè dà bí nǹkan kékeré lójú yín. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbà náà, akọ̀wé tó fẹ́ kọ iye owó ọjà lórí kọ̀ǹpútà á kọ N, á wá fi bírò fa ìlà méjì sí i lórí ìwé tó bá tẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ń to ẹ̀rọ ló lè rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Láàárín àkókò yìí kan náà, ní ìparí àwọn ọdún 1990, àdúgbò ilé gbígbé kan ní Ìkẹjà ń di ọjà. Òpópónà Ọ̀tìgbà àti àwọn tó yí i ká ni. Computer Village ni gbogbo ayé ń pè é báyìí. Àwọn tó ń ṣòwò níbẹ̀ kò dúró de ilé-iṣẹ́ ńlá kankan. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju yàrá wa lọ, ọ̀gá á jókòó, ọmọ iṣẹ́ á jókòó, wọ́n á gbé késìn sílẹ̀, wọ́n á kì mọ́dábọ́ọ̀dù bọ̀ ọ́, oníbàárà á sì dúró kí wọ́n tò ó tán lójú rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn bàbá wa fi kọ́ iṣẹ́ télọ̀ àti mẹkáníìkì ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà: ẹ gba ọmọ iṣẹ́, ẹ kọ́ ọ, ẹ dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà ní báńkì, ilé-ìwé àti káfẹ̀ ìgbà yẹn kò ní orúkọ kankan lára. Àtòpọ̀ ni wọ́n.

Tòkunbọ̀ àti ìdọ̀tí rẹ̀

Kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ ìtàn yìí ká fo tòkunbọ̀. Ní 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìròyìn kan jáde lórí ohun tí wọ́n rí ní Èkó. Wọ́n díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí kọ̀ǹténà 500 tó kún fún ẹ̀rọ àlòkù ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé kọ̀ǹténà kan lè gbé nǹkan bí 800 kọ̀ǹpútà tàbí mọnítọ̀. Àwọn oníṣòwò fúnra wọn sọ fún wọn pé ó lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí kò ṣeé tún ṣe, tí kò sì ṣeé tà. Ààtàn ló ń gbé wọn, iná ló sì ń jó wọn, èéfín òjé àti ike ń wọ imú àwọn ọmọdé tó ń ṣa bàbà nínú wọn.

Tòkunbọ̀ ni òkúta ìdánwò fún òye. Ẹni tí kò mọ inú ẹ̀rọ á ra òkú ẹ̀rọ lówó alààyè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á rí i pé páwà pákì nìkan ló bàjẹ́, pé ráàmù àti prósẹ́sọ̀ ṣì pé. Àpẹẹrẹ kan rèé tí ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n wa máa rántí: iná fóòtì 120 ni Amẹ́ríkà ń lò, tiwa jẹ́ 230. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ páwà pákì àtijọ́, suwíìṣì pupa kékeré kan wà tí a fi ń yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹni tó bá gbé tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà dé ilé, tó kì í bọ iná láì yí suwíìṣì yẹn, á gbọ́ "gbàù!" kan, èéfín á sì tẹ̀lé e. Wọ́n á ní ayé ló ń bá a jà. Suwíìṣì ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀ṣun wa níbí

Ìpínlẹ̀ tiwa náà ní ìtàn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ìjọba Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde, pátákó ìkẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ́ pín fún 150,000 ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìwé ẹ̀kọ́, ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, títí kan ẹ̀kọ́ Ifá àti ìtàn Yorùbá, wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ ìjọba yẹn náà ni RLG, ilé-iṣẹ́ láti Ghana, gbé ibi ìto fóònù àti kọ̀ǹpútà kalẹ̀ ní Iléṣà, tí wọ́n pè ní Adúláwọ̀.

A kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ìyàtọ̀ kan ni a fẹ́ kí ẹ rí. Pátákó ìkẹ́kọ̀ọ́ bíi tìyẹn jẹ́ ohun tí a dì pa. Ọmọ tó ń lò ó lè ka gbogbo ìwé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí bátìrì rẹ̀ bá kú, bí ojú rẹ̀ bá fọ́, kò sí ohun tí ọmọ náà tàbí olùkọ́ rẹ̀ lè fi sukudíráfà ṣe sí i. Ó di dandan kí ẹni tó pín in wá tún un ṣe. Bí ètò tó gbé e dé bá sì parí, òun náà parí nìyẹn. Kọ̀ǹpútà àtòpọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ráàmù bá kú, ẹ yọ ọ́, ẹ ra òmíràn. Bí ìjọba bá yí padà, ẹ̀rọ kò mọ̀.

Kọ̀ǹpútà inú kẹ́ẹ̀gì

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa. Ní 2012, Sénamé Koffi Agbodjinou dá WoeLab sílẹ̀ ní Lomé, ní Tógò. Ní 2013, Kodjo Afate Gnikou, tó wà lára wọn, lo ẹ̀yà tó ṣà nínú ẹ̀rọ àlòkù láti fi ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní kíká, tí wọ́n pè ní W.Afate. Òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun.

Ohun tó tún wù wá jù ni Jerry. Nǹkan bí ọdún 2011 ni èrò náà bẹ̀rẹ̀ ní Paris láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kó tó tàn dé Tógò, Benin àti Côte d'Ivoire. Kẹ́ẹ̀gì lítà 20 ni wọ́n ń lò dípò késìn: kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń ra epo pupa, tí a fi ń pọn omi. Wọ́n á fi ọ̀bẹ gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè máa ṣí bí ilẹ̀kùn, wọ́n á lu ihò tí afẹ́fẹ́ á gbà wọlé, wọ́n á de mọ́dábọ́ọ̀dù àlòkù mọ́ inú rẹ̀, wọ́n á fi Linux sí i. Ó tán. Ní Kutọnu, ilé-iṣẹ́ àjọlò BloLab fi Jerry kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí kẹ́ẹ̀gì kò tíì mọ ohun tí késìn wà fún. Àpótí lásán ni. Ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ kò ju kí ohunkóhun má kan iná, kí afẹ́fẹ́ sì lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó

Tímì John Adétóyèsè Láoyè, tó gorí ìtẹ́ ní Ẹdẹ ní 1946, jẹ́ ọba tó mọ ìlù lù tọwọ́-tẹsẹ̀, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Ẹni tó bá mọ ọ̀wọ́ dùndún mọ̀ pé ìyáàlù kò lè dá nìkan dún kó pé. Gúdúgúdú ní iṣẹ́ tirẹ̀, ìṣáájú àti kẹríkẹrì ní tiwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú kọ̀ǹpútà: ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní àyè àti iṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tó bá sì ti mọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní bẹ̀rù.

Prósẹ́sọ̀ ló ń ṣírò. Ráàmù ni ojú tábìlì tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ lé. SSD tàbí háàdì díìsìkì ni àpótí ìkẹ́rù. Páwà pákì ló ń sọ iná nẹ́pà di èyí tí àwọn yòókù lè jẹ. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni agbo ilé tí gbogbo wọn ń gbé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ fọwọ́ kan irin késìn, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń kó iná sí ara wa láì mọ̀, iná tí kò ní dùn wá yẹn sì tó láti pa ráàmù. Ìta késìn ni wọ́n ti ń fi prósẹ́sọ̀ sí mọ́dábọ́ọ̀dù. Àmì onígun mẹ́ta kékeré kan wà ní igun rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ bá ti ihò rẹ̀ mu. Bí ó bá tọ́, ó ń jókòó fúnra rẹ̀ ni, ẹ má tì í. Lẹ́yìn náà ni òróró ìgbé-ooru, ìba bí ẹ̀wà kan, kí ẹ tó de fáànù lé e. Ráàmù ló kàn, ẹ tì í títí ẹ ó fi gbọ́ "kọ̀". Nígbà náà ni ẹ ó gbé mọ́dábọ́ọ̀dù sínú késìn, lórí àwọn òpó kékeré tó ń gbé e sókè kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa kan irin. Ọ̀pọ̀ alákọ̀ọ́ṣe ló ń gbàgbé àwọn òpó yìí, ẹ̀rọ kò sì ní jí. Ẹ kì wáyà ńlá páwà pákì bọ mọ́dábọ́ọ̀dù, ẹ kì èyí tó jẹ́ ti prósẹ́sọ̀ bọ ibi tirẹ̀, ẹ so SSD mọ́ ọn. Bí késìn kò bá ní bọ́tìnì, orí sukudíráfà tí a fi kan ẹyín irin méjì tó yẹ fún ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó láti tan án.

Ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ ṣí: páwà pákì. Iná lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà, ó sì lè pa ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ nẹ́pà náà ńkọ́? Òótọ́ ni pé láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní. Prósẹ́sọ̀ 65 wáàtì pẹ̀lú mọnítọ̀ á jẹ iná ju láptọ́ọ̀pù lọ, ẹni tí kò ní UPS á sì pàdánù iṣẹ́ tí kò tíì fi pamọ́ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ẹni tó ń rìn láti kíláàsì dé kíláàsì kò lè gbé késìn kọ́ èjìká. A kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn ju láptọ́ọ̀pù nù.

Ṣé títò jẹ́ ṣíṣe?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹjọ́ tí a fi sílẹ̀. Àwọn tó ní skúrù lásán ni à ń dè, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Nàìjíríà kò ṣe prósẹ́sọ̀, kò ṣe ráàmù. Ilé-iṣẹ́ tó ń tòpọ̀ lásán wà lọ́wọ́ iye dọ́là àti owó ibodè. Bí dọ́là bá gbéra, òun náà mì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Compaq. Kò ṣe prósẹ́sọ̀, Intel ló ṣe é. Ẹ wo IBM fúnra rẹ̀, ọjà ló ti ra ẹ̀yà ẹ̀rọ tó sọ ọ́ di ọba. Àwọn tó kóra jọ nínú ilé ọkọ̀ ní Menlo Park kò ṣe 8080, títò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ti inú ìwé fò sórí prósẹ́sọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Títò ni àtẹ̀gùn àkọ́kọ́: ẹni tó tò ó á mọ̀ ọ́n tún ṣe, ẹni tó ń tún un ṣe á mọ ibi tó ti máa ń bàjẹ́, ẹni tó mọ ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ló lè ronú ṣe èyí tó sàn jù ú lọ. Ọmọ iṣẹ́ Ọ̀tìgbà wà lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ẹni tó ra ohun dídì pa kò tíì gbé ẹsẹ̀.

Ẹ̀rù tó ń bà wá báyìí ni pé wọ́n ń ti ilẹ̀kùn náà padà. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun, wọ́n ti jó ráàmù mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù, ẹ kò lè yọ ọ́, ẹ kò lè fi kún un. Nínú àwọn kan, SSD náà ti di àjómọ́. Bátìrì wà lábẹ́ gọ́ọ̀mù. Fóònù tí gbogbo wa gbé lọ́wọ́ ti jìnnà sí sukudíráfà tipẹ́. Ẹ̀rọ tí iran àwọn ẹ̀gbọ́n wa yọ kúrò láàfin ti ń padà sẹ́yìn aṣọ ìkélé, a sì ń fi owó ara wa sìn ín lọ síbẹ̀.

Ní Ẹdẹ yìí, ní Yunifásítì Redeemer's, àwọn onímọ̀ ACEGID lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò Kòrónà nílẹ̀ Áfíríkà ní oṣù kẹta ọdún 2020. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń to àwọn lẹ́tà àbùdá yẹn pọ̀ kó tó lè ní ìtumọ̀. Ìlú tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn kò yẹ kó jẹ́ ìlú tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù àtiṣí késìn.

Nítorí náà, ìdáhùn wa nìyí. Ẹni tó bá nílò ohun tí yóò máa gbé kiri, kó ra láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n kó ra èyí tí ráàmù rẹ̀ ṣeé yọ. Ẹni tó bá ní tábìlì àti ibi tí iná dé, kó tò ó. Bí owó kò bá tó, kí ẹni mẹ́ta tó ń gbé yàrá kan dá a jọ: ọ̀kan ra mọ́dábọ́ọ̀dù àti prósẹ́sọ̀, ọ̀kan ra ráàmù àti SSD, ọ̀kan wá páwà pákì àti mọnítọ̀. Bí késìn bá wọ́n, kẹ́ẹ̀gì wà lọ́jà. Ọ̀dọ̀ọdún ni ọgbà kọ̀ọ̀kan ń kó àwọn kọ̀ǹpútà tó ti kú jọ sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì kan. Ẹ bèèrè wọn lọ́nà ẹ̀tọ́, ẹ ṣí wọn, ẹ wo èyí tó ṣì ń mí nínú wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ráàmù tí ẹ yọ nígbà tí ẹ ra tuntun, ẹ má jù ú nù. Ẹnìkan wà ní Ẹdẹ tí ihò rẹ̀ ṣófo.